Ta Ni Yóò San Owó Ẹwà Géèmù?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ọmọ ti gba fóònù mọ́ yín lọ́wọ́ láti ìgbà tó ti dé láti iléèwé, ẹ má tíì bínú sí i, nítorí ohun tó ń ṣe lórí fóònù yẹn gan-an ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ géèmù ni, pàápàá èyí tí wọ́n ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó wà ní Òṣogbo àti ẹni tó wà lókè òkun á jọ máa lé ara wọn kiri lórí pápá kan náà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń pè wá lórí ètò yìí ti bi mí ní ìbéèrè kan títí ó fi sú mi. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Géèmù wọn ti gbó, igun mẹ́rin-mẹ́rin ni orí èèyàn inú ẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò kúkú tún un yà kó rí bíi tuntun?"

Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ ó fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó ń bi í rò pé iléeṣẹ́ nìkan ló máa tọwọ́ bọ àpò. Owó títún àwòrán géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, ọ̀nà méjì ló pín sí. Iléeṣẹ́ á san tiẹ̀, ìwọ tó ń gbá a náà á san tìẹ, tìẹ yìí ni kì í sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí iléeṣẹ́ bá gbàgbé ìpín tìẹ ni gbogbo owó tí wọ́n ná ń di òfò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí àwòrán ṣe ń dé ojú fóònù. Ọ̀pọ̀ rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwòrán géèmù ti ń ṣàn wọlé bíi fídíò YouTube. Rárá o. Yàtọ̀ sí àwọn géèmù díẹ̀ kan tí wọ́n ń gbé wá bíi fídíò láti ọ̀nà jíjìn, ohun tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, ń fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ kò ju nọ́ńbà lọ. Ká pe ọkùnrin inú géèmù náà ní Àjàní: ó dúró níbí, ó kọjú síhìn-ín, ó ti yìnbọn, ẹ̀mí tó kù lára ẹ̀ tó báyìí. Fóònù ọwọ́ rẹ ló máa gba nọ́ńbà yẹn, tí yóò wá ya Àjàní, ìbọn rẹ̀, koríko ẹsẹ̀ rẹ̀ àti òjìji rẹ̀, láti inú ẹrù tí o ti kó sínú fóònù lọ́jọ́ tí o dáúnlóòdù géèmù náà. Ìgbà 30 tàbí 60 ló sì máa ń yà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nítorí náà, géèmù tó rẹwà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ dátà ju èyí tí kò rẹwà lọ nígbà tí o bá ń gbá a lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ápídéètì bá dé lo máa mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni dátà máa lọ. Ọjọ́ yẹn náà ni fóònù máa sọ pé ààyè ò sí mọ́, tí wàá bẹ̀rẹ̀ sí í pa fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ rẹ́. Tí o bá wá ṣí i tán, fóònù á gbóná, bátìrì á máa lọ wìì, iná ìjọba sì lè má tíì dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, kò ní pẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ ń rí nínú géèmù, awọ ara, irun, ògiri, koríko, àwòrán pẹlẹbẹ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ká ní ọ̀kan nínú àwòrán pẹlẹbẹ yìí ní àmì àwọ̀ tóótòòtó (pixel) 1,024 ní ìbú àti 1,024 ní gígùn. Bí wọn ò bá fún un pọ̀, mẹgabáìtì 4 ló máa gbà. Tí wọ́n bá wá ní kó dán sí i, tí wọ́n sọ ọ́ di 2,048 ní ìbú àti 2,048 ní gígùn, ẹni tó bá rò pé yóò di mẹgabáìtì 8 ti ṣì í rò: 16 ni. Wọ́n máa ń fún un pọ̀ lóòótọ́ kó má bàa gbààyè tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìlọ́po mẹ́rin yẹn kì í yẹ̀. Ẹ wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán bẹ́ẹ̀ lé orí fóònù tí ẹ rà lówó pọ́ọ́kú.

Ní ti iléeṣẹ́, owó oṣù ni olórí ìnáwó wọn. Ayàwòrán kan lè jókòó ti bàtà kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Á mọ ọ́n, á kùn ún, á so egungun mọ́ ọn kó lè tẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń sáré, á tún ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tó fúyẹ́, èyí tí wọ́n máa fi hàn nígbà tí onítọ̀hún bá wà lókèèrè. Géèmù tí ẹnì kan ń dá gbá, wọ́n á ṣe é, wọ́n á tà á, ó parí. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í parí. World of Warcraft ti iléeṣẹ́ Blizzard jáde ní 2004, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń kó ẹrù kún un. Ẹ mú fìlà irin kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá orí aràrá mu, kó bá orí ẹni tí eyín rẹ̀ yọ síta bíi ti erin mu, kó tún bá orí àwọn Tauren mu, ìyẹn àwọn tó ní orí màlúù tìwo-tìwo, takọ-tabo wọn. Tí o bá yí orí padà, gbogbo fìlà tí wọ́n ti ń rọ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún wò. Nígbà tí Blizzard tún ara àwọn ẹ̀yà àtijọ́ mọ fún Warlords of Draenor, àfikún géèmù náà, ní 2014, owó wọn tó o, òṣìṣẹ́ wọn pọ̀ o, síbẹ̀ wọn ò lè ṣe gbogbo ẹ̀ tán pa pọ̀. Ó di 2015 kó tó kan ẹ̀yà Blood Elf. Ijó tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan máa ń jó wà nínú iṣẹ́ yẹn, ẹ̀rín wà níbẹ̀, ẹkún wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìnáwó tó já sófo, ti Square Enix, iléeṣẹ́ Japan, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2010 ni wọ́n gbé Final Fantasy XIV jáde. Ẹni tó bá rí àwòrán rẹ̀ nígbà náà á sọ pé ojú òun rí nǹkan. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi kọ́ ọ, Crystal Tools, òun náà ni wọ́n fi kọ́ Final Fantasy XIII, géèmù tí ẹnì kan ń dá gbá nínú pálọ̀ rẹ̀. Àwọn ayàwòrán wọn ò sì fẹ́ kí ohunkóhun rí pálapàla, bó ti wù kó kéré mọ.

Naoki Yoshida, ẹni tí wọ́n gbé géèmù náà lé lọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, sọ ọ́ ní gbangba ní San Francisco ní 2014, níbi àpérò àwọn tó ń kọ́ géèmù. Ó ní ìkòkò òdòdó kan wà nínú géèmù náà. Ìkòkò lásán, wọ́n kàn gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ ni. Àwọn onígun mẹ́ta kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ nǹkan, iye tí wọ́n lò sára ìkòkò yẹn àti iye tí wọ́n lò sára odindi èèyàn, ọgbọọgba ni.

Ẹ rò ó wò. Torí èèyàn ni wọ́n ṣe ń wọ ìlú inú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí kọ̀ǹpútà bá ti lo agbára rẹ̀ sórí ìkòkò mẹ́wàá, agbára èèyàn mẹ́wàá ló ti lọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí: èèyàn péréte ni géèmù náà lè fi hàn lójú kan, àwọn tó kù á pòórá. O lè dúró sí àárín ìlú, kí ọ̀rẹ́ rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o má rí i, ṣùgbọ́n ìkòkò òdòdó ń dán gbinrin lójú rẹ.

Iléeṣẹ́ náà tọrọ àforíjì. Wọ́n dá owó oṣooṣù tí wọ́n fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá a dúró, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á títí di 2012. Ní gbogbo àkókò yẹn, òṣìṣẹ́ ń gbowó, sáfà ń jẹ iná. Ní oṣù Kọkànlá 2012 wọ́n mú òṣùpá já lulẹ̀ láti ojú ọ̀run inú géèmù náà, dírágónì kan jáde láti inú rẹ̀, ó sun ayé ibẹ̀ ráúráú, wọ́n sì ti sáfà pa. Mo gbọ́dọ̀ gbà pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sìnkú. Ní oṣù Kẹjọ 2013 wọ́n ṣí òmíràn, A Realm Reborn, lórí ẹ́ńjìnnì mìíràn. Èyí fúyẹ́ débi pé PlayStation 3, ẹ̀rọ tó ti wà lórí àtẹ láti 2006, gbé e. Ẹni tó bá sọ pé kò dán tó ti 2010, mi ò ní bá a jiyàn. Òun ló wà láàyè dòní.

Ó di 2017 kí wọ́n tó sọ pé PlayStation 3 ò lè bá àwọn lọ mọ́. Ẹni tó bá ti ra ti PlayStation 3, wọ́n fún un láǹfààní láti gba ti PlayStation 4 lọ́fẹ̀ẹ́. Géèmù nìkan ni ọ̀fẹ́ ọ̀hún o. PlayStation 4 fúnra rẹ̀, kálukú ló lọ rà á.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ tún àwòrán yẹn ṣe dáadáa, ó di 2024, pẹ̀lú àfikún géèmù náà tó ń jẹ́ Dawntrail. Ní oṣù Kẹrin wọ́n kọ́kọ́ gbé ètò ìdánwò kan síta, kí kálukú fi wò bóyá kọ̀ǹpútà òun á lè gbé e. Àwọn èèyàn ò wo kọ̀ǹpútà. Ojú ara wọn ni wọ́n wò. Ẹni tó ti ń lo ara kan láti bí ọdún mẹ́wàá, ó rí i pé ẹyinjú òun ti ṣú, pé ìmọ́lẹ̀ ò bọ́ síbi tó yẹ lójú òun mọ́. Ariwo ta. Wọ́n tún ètò ìdánwò náà ṣe, wọ́n gbé e síta lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí géèmù sì jáde wọ́n fún àwọn tó ń gbá a ní ìgò Fantasia kan lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn oògùn tí èèyàn ń mu nínú géèmù náà láti fi pa ìrísí dà. Ọjà títà ni oògùn yẹn lọ́jọ́ mìíràn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ bi ìyá tí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ wá tó ní òun kọ́ nìyí.

Nígbà mìíràn, ìpín tìẹ nínú ìnáwó yìí á gba ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò wọlé. CCP, iléeṣẹ́ kan ní Reykjavik, olú ìlú Iceland, ló ni EVE Online. Ní oṣù Kejìlá 2007 wọ́n tún àwọn ọkọ̀ ojú ọ̀run inú ẹ̀ yà, wọ́n sì fi ápídéètì ránṣẹ́. Fáìlì kan wà nínú géèmù náà tó ń jẹ́ boot.ini, ápídéètì ọ̀hún sì fẹ́ pa á rẹ́. Àmọ́ Windows XP náà ní fáìlì tó ń jẹ́ boot.ini, òun ló fi ń mọ ọ̀nà tí yóò gbà dìde bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà. Ápídéètì ṣi fáìlì mú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún un tàn, kò dìde mọ́. CCP jẹ́wọ́, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe tó dáa nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni gba àwòrán tuntun. Ẹ̀dà ti àtijọ́ ṣì wà fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò lágbára, títí di 2009.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fóònù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà. Ẹ wo ọwọ́ àwọn ọmọ wa, Tecno, itel, Infinix ni ẹ máa rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ààyè púpọ̀. Free Fire ti Garena, iléeṣẹ́ kan ní Singapore, jáde ní 2017. Èèyàn 50 á bọ́ sí erékùṣù kan, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti tán. Àwọn tó ka ara wọn sí ọ̀gá nínú géèmù fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwòrán rẹ̀ ò dáa. Àmọ́ fóònù tí kò lágbára gbé e, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kó gba ìgboro kan ní Brazil. Ní Rio de Janeiro ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ ní 2019, Corinthians, ẹgbẹ́ tí ẹ mọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, ló sì gba ife.

Nígbà tí àkókò tó láti tún àwòrán ṣe, Garena ò fi tuntun lé ti àtijọ́ jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021 wọ́n gbé Free Fire Max síta gẹ́gẹ́ bí áàpù ọ̀tọ̀. Orúkọ kan náà lo máa fi wọlé, aṣọ rẹ wà níbẹ̀, ìbọn rẹ wà níbẹ̀, ẹni tó wà lórí Max àti ẹni tó wà lórí ti àtijọ́ sì lè jọ jà lórí erékùṣù kan náà. Ẹ rántí nọ́ńbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Sáfà ò bìkítà bí fóònù rẹ ṣe ya Àjàní. Ẹni tí fóònù rẹ̀ lágbára á rí i kó dán, ẹni tí tiẹ̀ ò lágbára á rí i bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọta ìbọn kan náà ló máa ba àwọn méjèèjì. Mi ò tíì rí ọgbọ́n tó ju ìyẹn lọ nínú òwò yìí. Ìnáwó tó wà níbẹ̀ ni pé áàpù méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa tọ́jú, àléébù tó bá yọ nínú ọ̀kan lè má yọ nínú èkejì.

Valve ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023 wọ́n fi Counter-Strike 2 rọ́pò CS:GO, géèmù wọn ti àtijọ́, ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà Mac sì bá ara rẹ̀ níta. Valve ní tí wọ́n bá ka àwọn yẹn pọ̀ mọ́ àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ti gbó jù, wọn ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ó sì yé mi. Àmọ́ ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé àwọn tó lówó ló pọ̀ jù nínú oníbàárà ẹni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ géèmù ní Yaba, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Tí ẹ bá ní owó díẹ̀ láti fi tún géèmù yín ṣe, ẹ má kọ́kọ́ lọ sórí ara èèyàn inú ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, àwọ̀ ojú ọ̀run, ìkùukùu tó ń bo ibi tó jìn, àti lẹ́tà ojú géèmù kó lè ṣe é kà nínú oòrùn ọ̀sán. Ìwọ̀nyí máa ń yí géèmù padà lójú ẹni tó ń gbá a láìjẹ́ pé ẹ tún ẹyọ fìlà kan rọ. Àwòrán tó wúwo, ẹ yà á sọ́tọ̀, kó jẹ́ ẹni tó bá wù ló máa dáúnlóòdù ẹ̀. Fóònù tí ẹ sì máa fi dán an wò, ẹ má lo ti ọ̀gá yín. Ẹ lọ yá ti ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó wà lójúlé kejì.

Èyí tó wù mí jù ni mo fi sẹ́yìn. RuneScape bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2001 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Andrew Gower ló kọ ọ́, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ bá a dá sí i, Cambridge sì ni iléeṣẹ́ wọn, Jagex, wà. Inú bíráọ́sà ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun ńlá kan tí èèyàn máa dáúnlóòdù, Java tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà ti ní ti tó. Ọmọ lè wọlé nínú yàrá kọ̀ǹpútà iléèwé, kó gé igi díẹ̀, kó ta awọ màlúù díẹ̀, kó sì ti pa á dé kí tíṣà tó yọjú.

Ní 2004 wọ́n tún un kọ́, àwọn èèyàn inú ẹ̀ tó pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀ wá ní ẹ̀yìn, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́. Wọn ò lé àwọn tó fẹ́ràn ti àtijọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní RuneScape Classic, wọ́n fi í sílẹ̀ fún wọn. Ní oṣù Keje 2008 wọ́n tún gbé àwòrán tó dán sí i, HD, dé, omi ń dán, òjìji ń tẹ̀lé èèyàn, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò gbé e sì lè yan èyí tó fúyẹ́.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwòrán tuntun ò lè tún ṣe. Sáfà RuneScape dà bí onílù tí kì í yí ìlù padà: ìṣẹ́jú àáyá 0.6 ló fi ń lu ẹyọ kan, orí rẹ̀ ni ohun gbogbo sì ń lọ. O ní kí ọkùnrin rẹ gé igi, á dúró di ìgbà tí ìlù bá tún lù. Nígbà tí ara rẹ̀ rí gọ́gọ́, kò sẹ́ni tó fura. Tí o bá wá fún un ní apá tó ń yọ́ lọ geere, ìdádúró yẹn á hàn, àwọn èèyàn á ní géèmù ti ń wúwo. Bí o bá sì ní kí o yí ìlù padà, ìjà, òwò, iṣẹ́ àgbẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣírò lórí 0.6 láti ọdún gbọ́ọrọ ló máa dàrú. Ibi tí owó àwòrán ti ń di owó odindi géèmù nìyẹn, tí àwọn tó ń pariwo pé "ẹ kàn tún un kùn" kì í rí.

Ní oṣù Kọkànlá 2012 Jagex yí ọ̀nà ìjà géèmù náà padà pátápátá. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, ìjà yẹn ló bí àwọn èèyàn nínú, kì í ṣe àwòrán. Wọ́n ń ṣí lọ. Jagex wá rí ẹ̀dà géèmù náà kan tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ láti oṣù Kẹjọ 2007, wọ́n ní kí àwọn èèyàn dìbò bóyá kí àwọn tún ṣí i. Ìbò tó lé ní 449,000 ló wọlé, ní oṣù Kejì 2013 wọ́n sì ṣí Old School RuneScape. Igun mẹ́rin-mẹ́rin ni orí, ọwọ́ kò níka. Lónìí, àwọn tó ń gbá Old School pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó ń gbá RuneScape 3, ìyẹn ẹ̀dà tuntun tó rẹwà, lọ.

Ẹ tún wò ó láti apá ibòmíràn. Nígbà tí Java kúrò nínú bíráọ́sà, tí fóònù sì gba gbogbo ayé, Old School ló kọ́kọ́ dé orí fóònù, ní oṣù Kẹwàá 2018. RuneScape 3 kò débẹ̀ ní kíkún títí di oṣù Kẹfà 2021. Èyí tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ló tètè dé.

Fífi ẹ̀dà àtijọ́ sílẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. RuneScape Classic tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láti 2004, Jagex tì í pa ní oṣù Kẹjọ 2018. Àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ géèmù wọn yòókù kò bá a ṣiṣẹ́ mọ́, àléébù tó ń yọ nínú ẹ̀ pọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe. Ọdún 14 ló lò lẹ́yìn ìgbà tí tuntun ti dé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣèlérí fún oníbàárà pé "títí láé".

Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá Old School múra láti gbé iṣẹ́ kan tó ń mú àwòrán géèmù náà dán jáde lọ́fẹ̀ẹ́. 117 HD ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí ọdún méjì ló fi ṣe é, wákàtí tó tó 2,000. Ẹ gbọ́ nọ́ńbà yẹn dáadáa: tí òṣìṣẹ́ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 50 nìyẹn, odindi ọdún kan owó oṣù. Bí ó ti kù díẹ̀ kó gbé e síta, Jagex ní kó dá a dúró, pé àwọn náà ní iṣẹ́ àwòrán kan tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ọ̀hún kò tíì lọ síbì kan nígbà náà. Àwọn èèyàn wọ́ jọ sínú géèmù, wọ́n ń fẹ̀hónú hàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Jagex yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n jẹ́ kó jáde.

Ẹ wá wo ibi tí wákàtí wọ̀nyẹn wọlé sí. Ìmọ́lẹ̀ ni, òjìji ni, àwọ̀ ilẹ̀ àti ti omi, àti bí ibi tó jìn ṣe ń hàn. Sáfà ṣì ń lù ní 0.6, wọn ò fọwọ́ kan ìjà, orí èèyàn inú ẹ̀ ṣì ní igun mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ á tàn án, ẹni tí kò fẹ́ á pa á, àwọn méjèèjì lè dúró níwájú báǹkì kan náà nínú géèmù náà kí wọ́n jọ máa dúnàádúrà ẹja, láìmọ èwo lẹnì kejì ń lò.

Àkókò wa ti lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń fi káàdì báǹkì ìyá wọn ra aṣọ inú géèmù ni a ó gbé yẹ̀ wò, mo sì ti sọ fún amòfin kan kó wá bá wa jókòó. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín.